Má Jẹ̀ẹ́ Kí Wọ́n Kan Àbà Mọ́ Ìyá Wa Lẹ́sẹ̀

                                                            Agboolé Ẹlẹ́ṣin,
                                                            Ṣakí.
                                                            Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Èrèlé, ọdún 1913.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Cornelius,

Báwo ni ilé, báwo ni ọ̀nà? Ọmọ́bọ́lá aya rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun lẹ́yìn ìkúnlẹ̀? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa, ṣé kò fi ẹkún gba oorun lójú yín? Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ kú ìtọ́jú. Ọlọ́run yóò dá a sí, yóò fi í ṣe ẹni tí yóò sin wá. Iṣẹ́ rélùwéè ńkọ́? Àwọn olóbì tó ti Èkó dé sọ pé ikọ́ ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu lẹ́bàá òkun níbẹ̀. Jọ̀ọ́, máa wọ aṣọ tó nípọn. Má torí kí wọ́n lè rí kọ́là funfun rẹ kí o wá gba ikọ́ sáyà. Mo mọ̀ ọ́, ọmọ ìyá mi, kì í ṣe Èkó ni ìwà afínjú rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? A wà, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ọdún yìí le ju ti èṣí lọ. Ètè gbogbo wa ti ya, gìgísẹ̀ wa ti sán, òrí ni a sì ń fi para kíkankíkan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dín. Akínyẹlé ọkọ mi wà ní Ìsẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìjọ. Láti ìgbà iṣu tuntun ni mo ti fi wọ́n sílẹ̀ wá tọ́jú ìyá. Wọ́n ní Olúwaṣọlá, àbíkẹ́yìn mi, ti ń sọ̀rọ̀ yékéyéké báyìí. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti ń gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń sọ. Àárò wọn ń sọ mí, Cornelius, àárò tìrẹ náà ń sọ mí. Bí mo bá gbọ́ ẹni tó ń súfèé kọjá lójúde, mo máa ń yọjú wò ó, bí ẹni pé ìwọ ni.

Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tó gbé mi jókòó. Lẹ́tà rẹ sí Baba Ọ̀jẹ̀túndé, baálé wa, dé. Akọ̀wé kóòtù tó bá wọn kọ tiwọn sí ọ ti lọ sí Ọ̀yọ́, nítorí náà èmi ni wọ́n pè pé kí n wá kà á sí àwọn létí. Mo ka ìkíni, mo ka àdúrà, inú mi ń dùn. Mo wá dé ibi tí o ti sọ pé bí àwọn àgbà bá ti rí i pé kíkan àbà mọ́ ìyá lẹ́sẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ó rìn wọ inú iná, kí wọ́n kàn án, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi aṣọ wé igi náà kí ó má baà dá egbò sí i lára. Cornelius! Ṣé ọwọ́ ara rẹ ni o fi kọ ọ́? Ìyá wa, àbà, igi tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ wèrè bọ̀! Baba ní kí ló dé tí omi wà lójú mi. Mo ní òógùn ló wọ̀ mí lójú. Òógùn wo, nínú ọyẹ́?

Ṣùgbọ́n n kò ní bá ọ jà. Ẹni tí kò sí nílé, ohun tí wọ́n bá rò fún un ni yóò gbà gbọ́. Baba kò sì purọ́ fún ọ, kìkì pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Wọ́n ní ìwọ ni ọmọkùnrin ìyá, ọ̀rọ̀ tí o bá sọ ni wọn yóò ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ, kí wọ́n sì gbọ́ èsì rẹ kí wọ́n tó pe gbẹ́nàgbẹ́nà. Wọ́n gbà, wọ́n ní ṣùgbọ́n àwọn kò ní dúró títí. Ìdí nìyí tí mo fi ń rò ó fún ọ láti orí dé ìdí, kí o fara balẹ̀ kà á.

Ìyá ti ń ṣarán. Ìyẹn kì í ṣe tuntun sí ọ, nítorí nígbà tí o wá nílé kẹ́yìn, ìwọ náà rí i bí ó ṣe fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí o sì jẹ ẹ́ láì wíjọ́. Àgbà tó bá pẹ́ láyé, ó lè rí bẹ́ẹ̀, a kò fi ṣe nǹkan bàbàrà. Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yíwọ́. Mò ń gbálẹ̀ ojúde láàárọ̀, ni ìyá bá jáde tòun ti gèlè tó wé dáadáa, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, orúnkún méjèèjì, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, ọkọ mi. Ṣé ẹ jí ire?"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré kúnlẹ̀ kí n má baà wà lórí ìdúró níwájú ẹni tó bí mi. Nígbà tí ó rí i pé mo kúnlẹ̀, ó tún tẹríba sí i. Mo tẹríba, ó tẹríba, àwa méjèèjì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí adìẹ tó ń wẹ erùpẹ̀. Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín. Ó ní kí n dìde o, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, òun kò sì ní pe orúkọ ọmọ tí òun bá nílé ọkọ, Akúrúyẹjó ni òun yóò máa pè mí. Ìwọ náà mọ̀ pé gbogbo ìyàwó ní í fún ọmọ ilé lórúkọ báyẹn. Èmi tó bí ní kúkúrú, òun náà ló wá ń fi kúkúrú ṣe oríire fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé inú yàrá, ẹ̀rín náà kò dúró. Ẹnu ìyá ni orúkọ Mọ́ládé ti jáde, ó wá ń yẹra fún un bí èèwọ̀.

O mọ ilé wa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní irú ọmọ wo ni ìyá rẹ̀ ń kúnlẹ̀ kí, wọ́n ní bóyá mo ti fi nǹkan sí i lóúnjẹ. Àwáwù, ìyàwó Ràsáàkì ẹ̀gbọ́n wa nínú agboolé, ìwọ náà kúkú mọ ẹnu rẹ̀, ó dúró lójúde, ó ní bí èmi ò bá lè kọ̀ fún un, òun yóò bá mi kọ̀ ọ́. Mo wá ń kọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti kúnlẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé, "Ìyá, èmi ni Mọ́ládé ọmọ yín. Ẹ ti dàgbà. Bàbá ti kú." Cornelius, bí mo bá ti sọ ọ́, yóò gbé ọwọ́ lérí, yóò bú sẹ́kún fún bàbá wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ní ọ̀la, ẹkún náà tún di tuntun. Lẹ́yìn ẹkún, yóò di aṣọ rẹ̀ pọ̀, yóò gbé e rù, yóò ní òun ń lọ sílé àwọn ní Òfìkì, sọ́dọ̀ ìyá òun, nítorí pé wọn kò fẹ́ òun nílé yìí. Àwa rò pé orí rẹ̀ ló ń dàrú sí i. Bí a bá fà á padà, yóò tún lọ. Ibi tí Baba ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àbà nìyẹn.

Ọjọ́ kan, a kò tètè mọ̀ pé ó ti jáde. Ìgbà náà ni àwọn ọdẹ ń dáná sun ìgbẹ́. Ràsáàkì ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó bá a lábẹ́ igi òrí kan lọ́nà Òfìkì, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé itan, koríko tó yí i ká ti jó tán, ó ṣì ń rú èéfín. Ọlọ́run ló yọ wá. Ràsáàkì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sójú ọ̀nà, ó pọ̀n ọ́n wálé lórí ẹ̀yìn. Nígbà tí a rí i, eérú ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ó dúdú kirimú. Gbogbo agboolé dà jáde. Baba Ọ̀jẹ̀túndé wò ó, wọ́n kàn mi orí, wọ́n sì wọlé lọ, ọjọ́ kejì ni wọ́n pe akọ̀wé kóòtù.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí Baba kò rí, nítorí wọ́n ti wọlé. Àwáwù ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, ilẹ̀ náà ń dán, kò tíì gbẹ tán. Bí Ràsáàkì ti fẹ́ gbé ìyá wọlé, Àwáwù figbe ta. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fi eérú tẹ ilẹ̀ òun, òun ti fi ẹ̀yìn ríro pa á. Èmi ń wò ó pé irú ọkàn wo lobìnrin yìí ní. Ó bu omi sínú igbá, ó mú ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ kọ́, ó ń da omi sí i lẹ́sẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wẹ̀ ẹ́, tòun ti ìbínú àti ìkùnsínú.

Ìyá wo omi náà. Ó wo Àwáwù. Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá rọra fa ìborùn rẹ̀ bo orí, ó sọ ojú kalẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Nígbà tí omi tán, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó lọ jókòó sórí ẹní, kò sọ̀rọ̀ Òfìkì mọ́. Àwáwù dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, ó wò mí, mo wò ó. Àwa méjèèjì ni wọ́n wẹsẹ̀ fún kí a tó wọ ilé ọkọ tiwa, kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Àwáwù ní, "Yéè! Ṣé ohun tí ó ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí nìyẹn?" Ni obìnrin tí mo rò pé kò ní àánú bá jókòó sílẹ̀ nínú omi eérú, ó ń sunkún.

Láti ìgbà náà ni a kò ti jiyàn mọ́. Ìyàwó ni ó ní òun jẹ́, ìyàwó ni a gbà á sí. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, mo máa ń dáhùn, mo máa ń súre fún un. Ó kọ́kọ́ ń gún mi lọ́kàn bí ẹ̀gún, ó ṣì ń gún mi, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n gbé. Àwọn ìyàwó ilé pín ìtọ́jú rẹ̀ láàárín ara wọn, kò sí ẹni tó fi tipá mú wọn. Ọ̀kan a wẹ̀ fún un, ọ̀kan a gbé ọ̀gì wá, èmi a máa jókòó tì í. Àwáwù ló ni ìrọ̀lẹ́, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ọkàn rẹ̀ máa ń fà sí ilé. Bí ó bá di ẹrù, wọn kì í fà á mọ́. Àwáwù á gba ẹrù náà rù, á ní òun yóò sìn ín sọ́nà, wọn á jọ máa lọ, ìyá á sì máa sun ẹkún ìyàwó bí ó ti sun ún nígbà èwe rẹ̀, kò fo ìlà kan. Ẹni tí kò rántí pé òun ti jẹun! Nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, Àwáwù á yí i padà, á ní a ti dé ilé ọkọ. Omi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn á wẹsẹ̀ rẹ̀, á wọlé, á sùn.

N kò sọ pé ó rọrùn o. Ó ń tọ̀ sára nígbà mìíràn. Ó máa ń gbá oúnjẹ dànù bí ó bá rò pé a ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí n kàn rìn lọ sí Ìsẹ́yìn láì wẹ̀yìn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n òwe kò sọ fún wa pé òkété náà a máa gé ọmọ jẹ. Mo ń sọ ọ́ fún ọ nítorí pé ìwọ ni mo lè sọ ọ́ fún.

Baba wá wò ó lọ́jọ́ kan. Wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ní títí dìgbà wo ni a ó máa bá arúgbó ṣeré ìyàwó. Ìyá gbójú sókè, ó rí wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Òpéléńgé, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." O rántí bí ikùn Baba ṣe rí? Òpéléńgé! Àwáwù ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, mo ta á ní ìgbọ̀nwọ́. Ṣùgbọ́n Baba kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọdé tínńrín ni àwọn nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilé yìí, orúkọ tó sọ àwọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tíì pe àwọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ti joyè baálé. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n pè mí sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kò kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá jó o, àwọn ni ayé yóò bi léèrè, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ti ní kí àwọn kàn án. Ó wá kù sí ọwọ́ rẹ.

Ní àárọ̀ àná, a jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, èmi ń yọ kóró òwú, òun ń rànwú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ìyẹn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, nígbà tí ó rí i pé kò sí ẹlòmíràn, ó sún mọ́ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nínú òun tí òun kò lè sọ fún àwọn ìyálé, kí wọ́n má baà fi òun ṣẹ̀sín. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti wọ ilé yìí, àwọn tí wọ́n gbé lẹ́yìn òun ti ń pọn ọmọ, ẹ̀yìn òun nìkan ló ṣófo. O mọ̀ pé ó pẹ́ kí ó tó bí mi, gbogbo ilé ló máa ń sọ ọ́. Inú àwọn ọdún yẹn ni ó padà sí, Cornelius. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Akúrúyẹjó, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹyọ kan péré. Kí ẹnìkan ṣáà máa pè mí ní ìyá nínú ilé yìí."

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Ìyá. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ẹnu mi sọ láyé! Ó kù díẹ̀ kí n pè é. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é, yóò bẹ̀rù, yóò di ẹrù rẹ̀, iná sì wà lọ́nà. Mo gbé e mì. Mo ní, "Àmín, Ìyàwó. Ọlọ́run yóò gbọ́." Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rànwú. Èmi dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ mumi, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́jà. Ó wà nítòsí mi, Cornelius, mo ń gbọ́ bí ó ti ń kọrin sínú, àárò rẹ̀ sì ń pa mí.

Jọ̀ọ́, àbúrò mi, mú gègé. Kọ̀wé sí Baba pé o kò fọwọ́ sí i mọ́, kí wọ́n má pe gbẹ́nàgbẹ́nà. Lẹ́yìn náà, tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kí o wá, kí ó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún ọ, kò ní mọ̀ ọ́. Ìwọ tí o jọ bàbá wa bí ìmumu, bóyá yóò rò pé ọkọ òun ló dé, yóò sì fi ìborùn bojú. Má sọ fún un pé, "Ìyá, èmi ni." Jókòó sí ibi tí yóò ti máa rí ọ, kí o sì fara dà á. Kí Ọmọ́bọ́lá gbé ọmọ náà dání. Ìwọ náà mọ ohun tí a ń ṣe fún ìyàwó tó ń wá ọmọ, a máa ń gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n ọ́n kí tirẹ̀ lè dé. A ó gbé ọmọ rẹ pọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ rìn yí ojúde yìí ká. Ẹsẹ̀ tí ó wà nínú àbà kò lè pọn ọmọ jó.

Baba ní kí n kí ọ. Ràsáàkì kí ọ, ó ní ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì. Àwáwù ní kí o má gbàgbé láti nu bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí o bá dé. Bá mi kí Ọmọ́bọ́lá, kí o sì bá mi fi ẹnu kan ọmọ náà lórí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ń wo ọ̀nà,

Mọ́ládé.